Àjẹ̀ Olówòkéré

Nígbà tí Olówòkéré dé ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ní Mahintedo, sàréè ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé. Mi ò ṣàwàdà. Òkìtì ilẹ̀ wà lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ri pákó kan mọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti ka ọkùnrin yìí mọ́ òkú.

Moríkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń yí pupuru, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mọ róbótó, lórí àjà tó wà lókè iná. Ó gbójú sókè, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fọwọ́ kan ojú ọkọ rẹ̀ tó rí i pé ẹran ara ni, ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

"Bàbá Jésùtófúnmi, ẹ ṣàánú, ẹ má bínú sí ìdílé wa. Àbúrò mi ló fi yín sílẹ̀ lójú ìbọn tó sá lọ. Ojú ń tì mí láti ọjọ́ náà."

Olówòkéré la ẹnu. Òtítọ́ wà níbẹ̀, kò ju kó sọ ọ́ jáde lọ.

"Dìde," ó ní. "Ó ti tán. Mo ti dárí jì í."

Kò sí ẹni tó fipá mú un sọ ọ́ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, kí ẹ má baà káàánú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún tí ìjà odò gbóná janjan ni, tí àwọn agbébọn ń lúgọ de ọlọ́kọ̀. Òun àti Kọ́lájọ, àbúrò ìyàwó rẹ̀, kó pupuru kún ọkọ̀, wọ́n fẹ́ lọ tà á ní Awoye. Bí wọ́n ṣe yọ sí ẹnu odò kékeré kan báyìí, ìbọn dún. Ọta bá Kọ́lájọ léjìká, ó ṣubú sómi, ṣùgbọ́n àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na àjẹ̀ náà sí Olówòkéré.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fà mí! Ẹ fà mí!"

Àjẹ̀ náà kàn án láyà. Kò ju kó dì í mú lọ. Olówòkéré ju tirẹ̀ sínú ọkọ̀, ó bẹ́ sí òdìkejì, ó lúwẹ̀ẹ́ wọ igbó etí odò. Ó gbọ́ tí Kọ́lájọ pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Kò gbọ́ ẹ̀kẹrin.

Ìtìjú ló lé e dé Òkìtìpupa, tó ń ru pákó níbi tí wọ́n ti ń lagi. Ojú wo ni yóò fi wo Moríkẹ́? Oṣù mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ kí àárò ilé tó fà á padà.

Nílé ńkọ́? Wọ́n rí ọkọ̀ náà tó ń léfòó, ihò ọta wà lára rẹ̀, àjẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù ló ń gbẹ́ àmì tirẹ̀ sí ọrùn àjẹ̀ níbẹ̀, ẹja méjì tó dojú kọra sì ni ti Olówòkéré. Bàbá Fágbèmí, àgbà àdúgbò, yí àjẹ̀ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní ọmọ odò wo ni yóò sá láìmú àjẹ̀ rẹ̀ dání? Olówòkéré ló kú, Kọ́lájọ ló gbé tirẹ̀ tó sá. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá òkú títí, wọn ò rí i, ni wọ́n bá sin àjẹ̀ náà dípò rẹ̀.

Kò pẹ́ ni ẹgbẹ́ aláàánú kan dé. Wọn ò gbé ìrẹsì wá, wọn ò gbé aṣọ àlòkù wá. Owó ni wọ́n ń fi lé àwọn opó lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ní àwọn yóò fún wọn. Wọ́n ní kí kálukú fi ṣe ohun tó mọ̀ pé ó tọ́.

Ẹ wá wo ilé Olówòkéré! Moríkẹ́ háyà àwọn tó bá a ro oko ẹ̀gẹ́ tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ó ra dúrọ́ọ̀mù ńláńlá tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, kò tún toro ti ẹlòmíràn mọ́. Jésùtófúnmi, ọmọbìnrin wọn, padà sí iléèwé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Páànù tuntun ń dán lórí ilé. Ọdún mélòó ni Olówòkéré fi ṣèlérí páànù yẹn nígbà tó wà láyé! Ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó wòkè, ojú tì í.

Moríkẹ́ fi í pa mọ́ sí yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ kọjá," ó ní. "Ọjọ́ náà ni wọ́n máa fún wa ní ti ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó sọ fún ayé pé Ọlọ́run dá yín padà."

Olówòkéré gbà.

Láti inú yàrá yẹn ló ti ń gbọ́ ohùn Rhoda, ìyàwó Kọ́lájọ, tó ń gbé ilé kejì. Òun kò rí kọ́bọ̀ gbà, torí wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ò kú. Àwọn ènìyàn ń pòṣé bí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀, wọn ò sì ra edé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Promise, ọmọ rẹ̀ tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ, ọmọ ojo ni wọ́n ń pè é. Olówòkéré fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Etí náà kọ̀, kò dí.

Ọjọ́bọ̀ pé. Nàfísàt, ọmọ ẹgbẹ́ aláàánú náà, dé láàárọ̀, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Moríkẹ́, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn kò ti lè pa á. Ìgànná kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Olówòkéré. Ó pe àwọn opó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àpòòwé lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni Rhoda jáde, ó kúnlẹ̀.

"Mádàámù, ẹ dákun, ẹ kọ orúkọ tèmi náà. Ọkọ mi ti kú. Ká ní ó wà láàyè ni, kò lè gbàgbé Promise."

"Àjẹ̀ rẹ̀ dà?" Bàbá Fágbèmí ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Nàfísàt gbé Rhoda dìde. "Ìyá Promise, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ará ilé ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí." Ó kọjú sí Moríkẹ́. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọkọ wọn. Ṣé ẹ lè jẹ́rìí pé ó kú?"

"Mi ò lè purọ́ fún yín," ni Moríkẹ́ wí. Ó sọ ọ́ tán ni ojú òun fúnra rẹ̀ wálẹ̀, àpòòwé opó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wà ní yàrá. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Àbúrò mi sá. Ìbá sàn fún mi kó jẹ́ pé ó kú!"

Yé è! Olówòkéré dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó gbé ọkọ́, ó sì hú sàréè ara rẹ̀. Àjẹ̀ náà kò jìn. Ó gbé e lé èjìká tòun ti ẹrẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ síwájú.

"Òkú o! Òkú Olówòkéré!" ni ẹnì kan figbe ta.

Àga dànù. Àwọn obìnrin sá sẹ́yìn. Olówòkéré gbé àjẹ̀ kalẹ̀ níwájú Rhoda, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí kò tó àbúrò rẹ̀.

"Mi ò kú," ó ní. "Èmi ni mo sá. Wọ́n yìnbọn lu Kọ́lájọ, ó ṣubú sómi, ó na àjẹ̀ rẹ̀ sí mi pé kí n fa òun. Mi ò dì í mú. Ó bá àjẹ̀ rẹ̀ lọ."

Rhoda bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé ó pe orúkọ mi?"

"Èmi ló ń pè," ni Olówòkéré wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Títí tí mi ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́."

Ìgbà náà ni Rhoda sunkún. Nàfísàt ṣí ìwé rẹ̀, ó bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Moríkẹ́ dìde níbi tó wà. Ó fi àpòòwé ọwọ́ rẹ̀ lé Rhoda lórí ẹsẹ̀, ó gbé Promise sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú ọkọ rẹ̀ tó ṣì dọ̀bálẹ̀.

"O ní o ti dárí jì í," ó ní.

Ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò fìgbà kan pè é ní ìwọ rí. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Olówòkéré dìde nígbà tó yá, ẹrẹ̀ sàréè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, kò sí ẹni tó ní kó máa bọ̀ lábẹ́ páànù.