Ọkọ̀ Tí Kì Í Pariwo

"Ó ti kú," ni Bàbá wí. Ó yọ etí rẹ̀ kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ayò.

"Kò kú, Ọ̀gá," ni Pẹ́lẹ́bẹ́ dáhùn. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Háíbíríìdì ni. Tó bá dúró, ẹ́ńjìnnì á sinmi, bátìrì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Epo tí ẹ ò ní rà nìyẹn."

"Ẹ́ńjìnnì tó ń sinmi lójú títì. Òun náà ti fẹ̀yìn tì nìyẹn."

Pẹ́lẹ́bẹ́ rẹ́rìn-ín ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó lọ. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, òun ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Bàbá nínú tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì. Bíi pákó ni ara rẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Ní báyìí ikùn rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ó sì ti ní ọgbà tó ti ń ta ọkọ̀ àlòkù, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò kúrò lára rẹ̀.

Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá. Òun nìkan ni ọmọ tí Bàbá bí. Láti ọdún kan ààbọ̀ tí kíndìnrín Bàbá ti daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó sì ń mú un lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú kejì. Wákàtí kan ààbọ̀ ni àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀, nínú ọkọ̀ èrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá bì sára obìnrin kan, awakọ̀ sì já wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nínú oòrùn. Orí òkúta tí wọ́n jókòó lé lọ́jọ́ náà ni Aránṣọ ti pinnu pé owó tí òun ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun yóò bá ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ Pẹ́lẹ́bẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kìlómítà mélòó ló ti rìn?" ni Aránṣọ béèrè.

"Àbúrò, má wo ìyẹn."

"Mo ti wò ó. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún."

"Olùkọ́ àgbà kan ló ń lò ó. Ilé sí iṣẹ́, iṣẹ́ sí ilé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àbí inú òṣùpá ni ilé ìwé náà wà?" ni Bàbá wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni Bàbá ti ń wá àléébù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn le jù. Àga ń rùn. Táyà kan ti jẹ lápá kan. Aránṣọ rò pé iṣẹ́ àtijọ́ ló ń dà á láàmú.

Ẹni kẹrin wọn jókòó sídìí ọkọ̀, ó ti fi wáyà so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ọmọbìnrin tó ń tún ọkọ̀ oníbátìrì ṣe ni; Sìsí Oníná ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é, àwọn kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀gàn. Aránṣọ ló bẹ̀ ẹ́ wá kó bá òun yẹ ọkọ̀ náà wò.

"Wọ́n ti nu ọpọlọ rẹ̀," ni Sìsí Oníná wí.

"Ọpọlọ ta ni?" ni Bàbá béèrè.

"Ti ọkọ̀, Bàbá. Tí nǹkan kan bá ń ṣe é, ó máa ń kọ ọ́ pamọ́ síbì kan. Ẹnì kan ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà náà, kìlómítà mẹ́fà péré ló rìn." Ó wo Pẹ́lẹ́bẹ́. "Àárọ̀ yìí náà ni, àbí, Ẹ̀gbọ́n?"

"A fọ ọkọ̀ ni. A yọ bátìrì kékeré kí omi má bàa kàn án."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká gbé e gun òkè. Tó bá ní nǹkan sọ, á sọ ọ́."

Sìsí Oníná ló wà á, Pẹ́lẹ́bẹ́ jókòó tì í, Aránṣọ àti Bàbá wà lẹ́yìn. Wọ́n gba ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọkọ̀ náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Aránṣọ gbé orí lé àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú ọkọ̀ náà bí ẹni ń gbé inú ilé tuntun. Ìrọ̀rí á wà níbí. Abọ́ tí Bàbá á máa bì sí á wà lábẹ́ àga yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò ní bẹ awakọ̀ kankan. Tí òjò bá ń rọ̀, á máa rọ̀ níta.

"Kí ló ń hu létí mi yìí?" ni Bàbá béèrè.

Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú rẹ̀ kíkankíkan.

"Fáànù bátìrì ńlá ni," ni Sìsí Oníná wí. "Ó ti gbóná jù."

Kò tíì pa ẹnu dé tí iná pupa fi tàn lójú dáṣíbọọ̀dù. Agbára ọkọ̀ náà lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ akérùpẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn wọn fọn fèrè, awakọ̀ rẹ̀ sì bú wọn kọjá. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Bátìrì náà ti ń kú," ni Sìsí Oníná wí. "Wọ́n kàn pààrọ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ láti fi tà á. Tí ẹ bá máa ra òmíràn, ó tó ìdajì owó ọkọ̀."

Pẹ́lẹ́bẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé fóònù sétí, ó sì rìn lọ sínú koríko.

"Ó parí nìyẹn," ni Bàbá wí fún Sìsí Oníná. "O ṣé o, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó ti jókòó dáadáa. Ojú rẹ̀ tú ká. Aránṣọ wò ó títí.

"Bàbá, inú yín dùn."

"Kí ló dé tí kò ní dùn? Wọn ò rí wa rẹ́ jẹ."

"Nínú gbogbo àwọn tó ń ta ọkọ̀ nílùú yìí, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Pẹ́lẹ́bẹ́ lẹ ní ká wá?"

Bàbá fi ọwọ́ pa apá tí wọ́n ti máa ń gún un. Sìsí Oníná rọra ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀.

"Torí mo mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí. "Kò lè ta ọkọ̀ gidi. Epo inú tírélà mi ló ti ń tà láti kékeré. Mo ní etí mi ni màá fi mú un, màá ní kò dáa, wàá sì gbà. Ṣé mo mọ̀ pé èyí tí kì í pariwo ló máa gbé jáde? Díẹ̀ ló kù kó tàn mí."

"Tí a ò bá wá rí ọkọ̀ rà ńkọ́?"

"A ò ní lọ mọ́ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó rẹ̀ mí. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ ni mo ṣe máa ń rí. Kí n tó mókun, ọjọ́ mìíràn á tún pé. Lọ fi owó rẹ ra ẹ̀rọ rẹ."

Aránṣọ bọ́ sílẹ̀ torí kó má bàa pariwo mọ́ ọn. Dókítà ti sọ ọ́ fún wọn ní gbangba: láìfọ ẹ̀jẹ̀, bó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dúró nínú eruku, ó sì rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ ni Bàbá ń kọ̀ láti àárọ̀.

Ó lọ bá Sìsí Oníná. "Tí n ò bá pààrọ̀ bátìrì yẹn ńkọ́? Tí mo kàn fọ fáànù rẹ̀, tí mo ń rọra wà á?"

"Àǹtí, mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣáà sọ fún mi."

"Oṣù mẹ́rin. Bóyá márùn-ún, tí ẹ ò bá gun òkè."

Ọ̀nà ilé ìwòsàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Aránṣọ kọjá sínú koríko lọ bá Pẹ́lẹ́bẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìdajì ni màá san."

Pẹ́lẹ́bẹ́ ò lè wo ojú rẹ̀. "Ṣé Ọ̀gá ń bínú sí mi?"

"Rárá. Ìyẹn gan-an ló burú."

"Mú un ní ìdajì," ni Pẹ́lẹ́bẹ́ wí.

Aránṣọ padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yìí bá kọ̀ tí kò lọ mọ́, mi ò ní tún un ṣe, mi ò sì ní wá òmíràn. Mi ò ní fi ipá mú yín mọ́. Ilé la máa jókòó sí, èmi àti ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò tíì lè ṣe é lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá ń wo ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ òkúta mẹ́ta kọjá lọ.

"Ta ló máa wà á?"

"Èmi ni."

"Ìwọ tó ń tẹ bíréèkì bí ẹni ń pa aáyán."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì na ọwọ́ kí Aránṣọ fà á dìde.

"Ṣí iwájú fún mi," ló wí. "Mi ò lè máa ti ẹ̀yìn kọ́ èèyàn ní mọ́tò."