Omi Gbígbóná Àpọ̀kẹ́

Kò sí ará Agbonou tó ṣubú rí tí Àpọ̀kẹ́ kò fi omi gbígbóná jó. Ọwọ́ rẹ̀ le, ẹni tó bá sì ké lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ń rìn nírọ̀lẹ́, tàbí kó díbọ́n pé òun ń rìn, kí wọ́n má baà tún un jó.

Lọ́jọ́ kan, àgbò tí Gilbert ọmọ rẹ̀ ń nájà ní Anié kàn án ní itan. Kí alùpùpù zémì tó gbé e délé, ibẹ̀ ti wú, ó ti dúdú. Àpọ̀kẹ́ gbé omi kaná.

"Wàrà-wàrà là ń yọ oró iná!"

Ṣùgbọ́n Noëlle, ìyàwó Gilbert tó ń ta bísáàpù, omi ìṣápá dídì inú ọ̀rá, ti fi aṣọ wé mẹ́ta nínú rẹ̀, ó gbé wọn lé itan ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n yà lọ́dọ̀ Laetitia nọ́ọ̀sì, ó ní egungun kò ṣẹ́. Òtútù ni fún ọjọ́ méjì. Ooru á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ máa dà sábẹ́ awọ."

Bísáàpù! Nínú ilé Àpọ̀kẹ́! Ó dun ìyá àgbà wọra. Ta ni yóò tún wá a wá, bí ọmọ tó bí kò bá fẹ́ ọwọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹta, ó yọjú wo itan náà, àyà rẹ̀ sì já. Dúdú náà ti wálẹ̀ dé orúnkún, etí ibi tó dúdú náà sì ti di àwọ̀ ewé.

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti ń jẹrà o!" Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ fa Laetitia wá.

Laetitia ní kí Gilbert mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò jẹrà. Ara ló ń palẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó dà síbẹ̀ mọ́. Yóò tún di àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kó tó lọ. Ká ní ó ń wú sí i, tàbí ẹsẹ̀ ń kú, ọsibítù ni à bá gbé e lọ. Ní báyìí, ooru ló kù."

Noëlle ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú báàfù omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. "Ìyá, iṣẹ́ yín dé."

Inú Àpọ̀kẹ́ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o," ni Laetitia wí. "Ẹ kàn gbé aṣọ lé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Àpọ̀kẹ́ ti aṣọ bọ omi, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. Gilbert di ẹní mú, ó di ojú, ó sì lọgun, "Yéè! Ìyá mi o!"

"Dákẹ́," ni Àpọ̀kẹ́ wí. Aṣọ náà ṣì wà nínú báàfù.