Ẹran Tí Wọ́n Fi Ikọ́ Sun

Kí ẹnikẹ́ni má tíì bú Bàbá Télọ̀. Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ ya wèrè, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún gbáko ni Bàbá Télọ̀, ọkọ rẹ̀, fi sun ẹran màlúù ọdún nílé wọn. Iṣẹ́ Màmá Àgbà ò ju kó gbé àwo wọlé, kó ju ìdí sọ́tùn-ún, kó jù ú sósì, kó ní, "Ẹ jẹun, kẹ́ ẹ má jẹ ìka yín mọ́ ọn o! Ọwọ́ mi ló wà ńbẹ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Màmá Àgbà ti sáré ogójì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, àfi bí òtítọ́ ṣe wọ bàtà nọ́ọ̀sì wọlé láàárọ̀ ọdún. Ìyàwó tuntun tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ ni, pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ ní ẹ máa kọ́ mi ní ẹran sísun. Mo ti dé o."

Màmá Àgbà sáré wọ pálọ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn tí kò mu òróró.

"Bàbá wọn, ẹ gbà mí. Bí ọmọ yìí bá mọ̀, mi ò lẹ́nu nílé yìí mọ́."

"Ìwọ? Láìlẹ́nu?" Bàbá Télọ̀ ò gbójú kúrò lórí ìwé ìròyìn. "Ìsinmi dé nìyẹn."

Wọ́n dúnàádúrà. Bàbá yóò jókòó síbi tó ti lè máa rí dígí ààrò onígáàsì láti ẹnu ọ̀nà. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí Màmá bu omi ẹran lé ẹran lórí. Lẹ́ẹ̀mejì, kó yí i. Lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbé e jáde. Bàbá ni yóò sì máa jẹ ìdí ẹran tó gbẹ ṣáṣá, lọ́dọọdún, títí ọjọ́ ikú.

Màmá Àgbà fi iyọ̀, áàyù àti ata gígún ra ẹran náà bí ẹni ń fi ìpara ra ọmọ tuntun, ó tì í sínú ààrò.

"Ìgbà wo lẹ máa ń bu omi rẹ̀ lé e lórí, Màmá?"

"Sùúrù. Ẹran fúnra ẹ̀ ló máa sọ."

"Ùhù," ni wọ́n gbọ́ láti pálọ̀.

"Ó ti sọ!" Màmá Àgbà fò dìde.

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀nà pálọ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Kò pẹ́ tí ata tí Màmá bù ní ìbùkúùbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Èéfín rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà, ó lọ kí Bàbá Télọ̀ lọ́fun. Ùhù! Ùhù-ùhù! Ùhù-ùhù-ùhù! Màmá bu omi, ó yí ẹran, ó gbé e jáde, ó tún tì í wọlé, ó tún yí i. Màlúù tó ti kú láti ìjẹta ò rí ìsinmi. Ìgbà tí ikọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ó gbé ẹran, ó di orí tábìlì, ìdí sọ́tùn-ún, ìdí sósì. Bàbá Télọ̀ ń ju ọwọ́ méjèèjì, omijé ń dà lójú rẹ̀, ohùn ò jáde. Màmá Àgbà rò pé ó ń yin òun ni.

Àkọ́bí wọn ki ọ̀bẹ bọ ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé etí àwo.

"Màmá, màlúù yìí ṣì lè dìde o!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Màmá Àgbà bá wọn rín in títí ìró fi tú nídìí rẹ̀, torí ẹni tó ṣubú tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín, òun ni wọn ó máa rín dọ̀la.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹran padà sínú ààrò, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì í. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹran jáde, ó pọ́n, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó gbé àwo lé Màmá Àgbà lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e wọlé, Màmá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n gbé."

Wọ́n jẹun, wọ́n ń lá ìka. Bàbá Télọ̀ ń jẹ ìdí ẹran tirẹ̀, ó dijú. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀.

"Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, Màmá. Iyọ̀, áàyù, ata. Ẹyọ kan ló kù tó rú mi lójú. Ọ̀fun ọkọ mi dá ṣáká, kò sì mọ ẹran sun. Tí mo bá délé mi, ta ni yóò máa bá mi wúkọ́?"