Ọ̀rọ̀ Kan Lórí Káàdì Ìyá Olùkọ́

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ju káàdì kan sórí tábìlì. Akọ̀wé wò ó, ó sì dá ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀: "Patient expired." Ó ti fara balẹ̀ kọ ọ́, ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni, mà. Ọjọ́ káàdì ìyá yẹn ti kọjá láti oṣù tó lọ. Ó yẹ kí wọ́n wá gba òmíràn."

"Káàdì ló kọjá ni, àbí ìyá?"

"Káàdì ni, mà."

"Ìyá lo kọ! Nílé ìwòsàn, tí a bá ní aláìsàn 'expired', ó ti kú nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tuntun ti kó fáìlì ìyá olùkọ́ sáàárín ti àwọn olóògbé, ó sì ti pe ọmọ wọn láti bá a kẹ́dùn. Inú ọkọ̀ lọmọ náà wà tó ń sunkún bọ̀, kí ìyá fúnra wọn tó gbé fóònù, tí wọ́n ní àwọn ń bomi rin òdòdó lọ́wọ́!"

Ọdún mẹ́fà ni akọ̀wé fi nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn yìí kí wọ́n tó gbé e sídìí káàdì, kò sì tíì pé oṣù kan níbẹ̀.

"Lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn," ọ̀gá nọ́ọ̀sì wí. "Ọ̀túnla ni ọ̀gá àgbà máa sọ bóyá wàá padà sídìí ìgbálẹ̀."

Nígbà tó délé, bàbá ọkọ rẹ̀ wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to lẹ́tà ìwé ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì dé. Ní báyìí, ojú wọn ti di bàìbàì. Láràárọ̀, akọ̀wé á ka ìwé ìròyìn sí wọn létí kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le, bàbá á túmọ̀ rẹ̀, òun á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, á sì rí i dájú pé òun lò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti kó irinwó ó lé méjìlá jọ. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kó yege ìdánwò tí wọ́n fi mú un sídìí káàdì.

Ó ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún bàbá.

"Èmi ni mo fún ọ lọ́rọ̀ yẹn. Ìròyìn ìwé àṣẹ awakọ̀ la ti kà á. Mo ní ó túmọ̀ sí pé ìgbà nǹkan ti tán."

"Ẹ̀bi yín kọ́, Bàbá."

"Gbọ́ ná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ ojú wọn bí ẹni mọ ojú aládùúgbò. Ṣùgbọ́n n kò wọ ilé wọn rí. N kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá gbé."

"Mo fẹ́ kọ lẹ́tà àforíjì sí wọn. Mo ti ṣa ọ̀rọ̀ ńláńlá mélòó kan jọ."

"Ọ̀rọ̀ ńlá kẹ̀? Ṣé èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì tó ọ ni? Bá mi wá bàtà mi."

Akọ̀wé wò wọ́n. Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá ti jáde nílé kẹ́yìn.

Ìyá olùkọ́ fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì, ike omi lọ́wọ́. "Ẹ wọlé, ẹ wá kí òkú," wọ́n wí.

Ọmọ wọn obìnrin wà ní pálọ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kò dáhùn ìkíni. Akọ̀wé kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, mà. Gẹ̀ẹ́sì tí mi ò mọ̀ tán ni mo fi ń ṣe fújà. Ẹ má bínú."

"Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù nínú ọkọ̀ yẹn?" ọmọ náà béèrè. "Mò ń wá ọ̀rọ̀ tí màámi bá mi sọ kẹ́yìn, mi ò rí i. Oṣù mẹ́rin ni mi ò ti pè wọ́n." Ohùn rẹ̀ já.

"Ó tó, ọmọ mi," ìyá wí. "Mo ṣáà wà láàyè." Wọ́n yíjú sí akọ̀wé. "Ìwọ, dìde. Níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ náà?"

Ó yọ ìwé kékeré náà nínú báàgì. Ìyá fi jìgí sójú, wọ́n sì fi ìka tọ ìlà lọ bí wọ́n ṣe máa ń máàkì iṣẹ́ ọmọ kíláàsì nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ni.

"Mẹ́ta ló ṣìnà níbí."

"Mẹ́ta péré?" Inú bàbá dùn.

"Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ṣì wà, bàbá."

Ọmọ ìyá olùkọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Kí wọ́n tó dìde, ó ti pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé òun ò ní padà títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá nọ́ọ̀sì wá bá akọ̀wé. "Ọmọ ìyá olùkọ́ ti bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀. Ìdí káàdì lo máa wà." Ó na lẹ́tà kan sí i, láti ọ́fíìsì ìjọba. "Ka èyí, kó o kọ ohun tí wọ́n ní ká ṣe sára pátákó."

Akọ̀wé kà á dé ìlà kẹrin, ó dúró. "Moratorium." Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, ì bá méfò ìtumọ̀ rẹ̀, kó sì kọ ọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì méjì wà nítòsí, àwọn tó ṣì ń wò ó bí ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ dání. Ó gbé orí sókè.

"Mà, mi ò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló túmọ̀ sí?"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó tún un kà. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ó rọra wí. "Dìde, jẹ́ ká jọ lọ bi dókítà."