Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Nínú Àpò Ọpẹ́mipọ̀

Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni mo rí nínú àpò Ọpẹ́mipọ̀, àfẹ́sọ́nà mi, nígbà tó wá kí mi ní Reinickendorf, ní Berlin. Èmi kì í kun èékánná. Mo dá a padà sínú àpò náà. Ṣé ìdí nìyí tí kì í fi í gbé ìpè mi ní ọjọ́ Sátidé?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, mo sì rọra tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Wilhelmsburg. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bojú wẹ̀yìn. Ó yà sí Schützenverein kan, níbi tí àwọn bàbá àgbà ti ń fi ìbọn yíyìn ṣeré. Mo já wọlé.

"Níbo ló wà?"

"Kẹ́mi! Ta ni?"

"Ẹni tó ni kútẹ́ẹ̀sì!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

Ìbọn àtijọ́ kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ilé ọta mẹ́rin tó ń kì bọ̀ ọ́. Ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: àmì kan lára àkọ́kọ́, méjì lára èkejì, títí dé mẹ́rin.

"Ọta mẹ́wàá mẹ́wàá ni mo ń yìn nínú wọn, kí n lè mọ èyí tó ń há. Alámì mẹ́ta yìí ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí ló dé tó o fi fi í pa mọ́ fún mi?"

"Nítorí ìyá ẹ ni. Wòlíì ni wọ́n. Ṣé wọ́n á fọmọ fún oníbọn?"

"O ò bi wọ́n, o ti bá wọn dáhùn. Ó yá, pè wọ́n báyìí, kí n máa gbọ́."

Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣi nọ́ńbà ìyá mi tẹ̀.