Ọdẹ Sùúrùlérè àti Ọmọ Rẹ̀

Bí ó bá ṣe ti ẹnu ni, Tíṣà Láyíwọlá kì bá ti fi àgbọ̀nrín kan sílẹ̀ nínú gbogbo igbó Ìjẹ̀bú. Ọmọ ọdẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ló gbá mú, ìwé náà ló sì sọ ọ́ di olùkọ́ ìṣirò ní Sùúrùlérè. Kò pa ẹran rí. Nígbàkígbà tó bá délé, Ọládèjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jogún ìbọn bàbá wọn, á ní, "Ọdẹ Èkó, káàbọ̀! Ẹran mélòó lo pa ní Sùúrùlérè?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọra.

Nígbà tí Motọ́lání, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó sì ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, inú bàbá dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Bí òun kò pa ẹran, ọmọ òun yóò pa á! Ó fi pákó bẹ́ẹ̀dì tó kán gbẹ́ ìbọn, ó ń kọ́ ọ lẹ́yìnkùlé ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ewúrẹ́ Ayọ̀kànmí, ará ilé kejì, ni àgbọ̀nrín wọn. Òfin kan ṣoṣo ló wà: Motọ́lání kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń fa ìbọn, àfi tó bá rí ojú ẹran, tó rí etí rẹ̀, tó sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọta tó bá ti jáde, kò ṣeé pè padà," ni bàbá máa ń wí.

Evelyn, ìyàwó rẹ̀, kò fẹ́ ẹ rárá. "Bàbá Motọ́lání, I no dey for this one o. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí ńkọ́? Àbí ẹran ti tán lọ́jà Ojúwòyè ni?"

Ta ló ń gbọ́? Láyíwọlá ti pín ẹran tí kò tíì pa: itan fún àlùfáà ìjọ wọn, àyà fún lánlọ́ọ̀dù, orí fún Ayọ̀kànmí.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, bàbá àti ọmọ lọ sílé ní Ìjẹ̀bú. Ọládèjì ki ìbọn fún wọn, ó fi ọ̀nà odò hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù tí wọ́n fi ba sẹ́yìn igi kan tó ti wó, Motọ́lání gbé ìbọn léjìká, bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́, koríko mì. Ohun pupa rúsúrúsú kan tẹ̀, ó gbéra díẹ̀, ó tún tẹ̀.  Gbogbo ẹ̀rín ogún ọdún ló fẹ́ tán lọ́jọ́ náà.

"Àgbọ̀nrín ni," Láyíwọlá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Yìn ín."

Motọ́lání kò yìn ín.

"Mo ní kí o yìn ín!"

 Ọmọ na ìka rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ó ń wo ohun pupa náà ṣáá. Inú bí bàbá gidigidi. Ọmọ tí kò gbó òun lẹ́nu rí! Ó nawọ́ láti gba ìbọn náà kí òun fúnra rẹ̀ yìn ín.

Ohun pupa náà bá nàró. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó ró ìró pupa rúsúrúsú, ó di ewé eéran mọ́wọ́.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọdẹ. Ṣé ẹ ti rí nǹkan pa?"

 Láyíwọlá dojú bolẹ̀ gbalaja sínú ìrì. Ìyá rò pé ó ń kí òun ni, ó sì wúre fún un: "Ọwọ́ yín ò ní ṣèèṣì." Ó kó ewé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà ni wọ́n padà sí Èkó. Ọládèjì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò dun Láyíwọlá rárá. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè. Ayọ̀kànmí pàdé wọn lẹ́nu géètì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí ẹran mi dà?"

"Ó wà lọ́rùn ẹni tó ni ín!" ni Láyíwọlá dáhùn.

Nígbà tó rò ó fún Evelyn tán, obìnrin náà kọ́kọ́ sunkún, ó wá ń rẹ́rìn-ín.  Motọ́lání rìn wá síwájú bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ní kí n yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́ràn."

 Bàbá rẹ̀ náà kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Tí mo bá tún sọ bẹ́ẹ̀," ó ní, "má gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."