Òkèlè Àkọ́kọ́

Ọ̀rẹ́ Mọ́rìnọ́lá, Victorine, ló kọ́kọ́ sọ fún un pé a lè kọ́ ajá láti dákẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń jẹun. Ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè ni Victorine ti ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ti rí bí àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà náà ṣe ń kọ́ ajá tiwọn. "Má nà án, má sì lé e," ló wí. "Tẹ́ àpò kan sílẹ̀ fún un. Tó bá ti dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ tó dákẹ́, ibẹ̀ ni kí o ti fún un ní oúnjẹ tirẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun òun gbà."

Àpò náà ni Mọ́rìnọ́lá ń tẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò báyìí. Alùpùpù Aristide ti ń yà wọ agboolé.

Ará Yoko ni Aristide, lọ́nà Sakété. Ajá ló máa ń rà kiri ìletò, kò sì sí ọmọdé kan ní Issaba tí kò mọ ibi tí àwọn ajá náà ń lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ ni.

Bàbá Ọdẹ́wálé, bàbá ọkọ rẹ̀, ló ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, bí wọ́n ti jókòó ti oúnjẹ, Bọ́bì, ajá ilé, fò mọ́ àwo, ọbẹ̀ gbígbóná sì dà sí itan Merveille, ọmọbìnrin Mọ́rìnọ́lá. Aṣọ funfun ni wọ́n ṣì fi di itan ọmọ náà títí di òní. "Lọ́jọ́ tí Aristide bá dé, a ó jọ jẹun," ni Bàbá wí nígbà náà. "Bí ajá yẹn bá tún dìde lójú oúnjẹ, yóò bá a lọ."

Láti ìgbà náà ni Mọ́rìnọ́lá ti ń kọ́ ajá. Òun àti Merveille á jókòó nínú ilé ìdáná, wọn á gbàdúrà, wọn á jẹun, Bọ́bì á sì dùbúlẹ̀ sórí àpò bí ẹni tí oorun ń kùn. Ṣùgbọ́n níbi tí Bàbá bá ti ń jẹun, ara ajá kan náà kì í balẹ̀. Mọ́rìnọ́lá rò pé ẹ̀rù Bàbá ló ń bà á.

Éric ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Kútọnù. Tí ẹsẹ̀ àjèjì bá kan ẹ̀yìnkùlé, Bọ́bì nìkan ló ń gbó. Merveille fúnra rẹ̀ kò bínú sí i. Àná ló béèrè bóyá Aristide lè gba adìẹ dípò ajá.

Aristide sọ̀ kalẹ̀. Okùn wà léjìká rẹ̀.

"Ìyá Merveille, ẹ kú ọ̀sán o! Òórùn ọbẹ̀ yín ló fà mí láti Sakété." Ó wo abẹ́ máńgòrò. "Háà! Ajá lórí ẹní! Ìrọ̀rí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ kú àbọ̀," ni Mọ́rìnọ́lá dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ọkà àgbàdo àti ọbẹ̀ ẹja wá. Ó gbé ti Bàbá kalẹ̀ níwájú àpótí tó jókòó lé, ó gbé ti Aristide fún un, òun àti ọmọ rẹ̀ sì jókòó sórí ẹní. Bọ́bì gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpò. Mọ́rìnọ́lá ń mí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ru omi tó kún dé etí.

Bàbá fọwọ́. Ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó sì pe bàbá rẹ̀ tó ti kú, bó ti máa ń ṣe kí ó tó jẹun. "Bàbá mi, ẹ gbà, ẹ jẹ." Ó ju òkèlè náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

Ìgbà náà ni Mọ́rìnọ́lá rí i. Kí òkèlè tó balẹ̀ ni ojú Bọ́bì ti ń dúró dè é nílẹ̀. Nínú ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó ń ju òkèlè sílẹ̀. Ọmọ ìjọ ni òun, àdúrà nìkan ni òun ń gbà. Nínú gbogbo ohun tí òun fi kọ́ ajá, ohun kan yìí ni òun fò.

"Dúró," ló wí lábẹ́ ohùn.

Ara Bọ́bì gbọ̀n. Ó dìde. Ó rọra rìn wá, ó gbé òkèlè náà mì, ó sì gbójú sókè sí àwo Bàbá.

Merveille fi ọwọ́ méjèèjì bo itan rẹ̀. Aristide ti ń tú okùn.

"Ẹ̀ẹ́, Bàbá, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá."

"Ìwọ náà rí i," ni Bàbá wí fún Mọ́rìnọ́lá. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á.

Mọ́rìnọ́lá kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìyàwó ilé ń sọ fún bàbá ọkọ lójú àlejò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ pè é."

Aristide bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ilé ti di adájọ́!"

"Èmi?" ni Bàbá wí.

"Láti kékeré rẹ̀ ló ti ń jẹ òkèlè tí ẹ ń jù sílẹ̀. Tí òkèlè yẹn bá ti balẹ̀, ó gbà pé a ti pe òun jẹun nìyẹn. Àwo ló máa ń kàn."

"Kí n má fún bàbá mi lóúnjẹ mọ́, nítorí ajá? Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá! Ẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ fún wọn níbi tí ajá kò ti ní gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́."

Bàbá wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, kò ku nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Láti ọjọ́ yìí wá, ebi ló ń pa bàbá mi."

Aristide fẹ́ tún rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú àgbà náà, ó sì pa á mọ́ra.

"Dá a padà," ni Bàbá wí.

Mọ́rìnọ́lá nawọ́ sí àpò. Bọ́bì wò ó, ó wo àwo, ó tún wò ó. Obìnrin náà kò pariwo mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ajá náà yí padà, ó lọ dùbúlẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Mọ́rìnọ́lá lọ fi ọkà díẹ̀ síwájú rẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá bu òkèlè mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fi kan ọbẹ̀, ó fi ẹja lé e lórí.

"Aristide, ká okùn yẹn, kí o jẹun. Kò sí ajá títà níbí."

Ó gbára lé orúnkún, ó dìde. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, ló kọjú sí. Àwo rẹ̀ wà nílẹ̀ ní gbangba, orí ẹja ńlá kan yọ nínú ọbẹ̀. Mọ́rìnọ́lá na ọwọ́ láti fi ìdérí dé e, bí gbogbo ilé ti máa ń ṣe tí Bàbá bá dìde nídìí oúnjẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bàbá kò sọ pé kí wọ́n dé e, bí ẹni tó gbà pé Bọ́bì kò ní dìde. Mọ́rìnọ́lá fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Bàbá yí igun ilé pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.